Ọkọ̀ Epo àti Ẹ̀dọ̀ Akójọmátà

Ẹ sún mọ́ra kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́, nítorí èmi kì í pariwo. Ẹni tó bá ní ìkòkò lórí iná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó jókòó. Èmi ni Ọdẹ́rìndé. Mo ti bá ẹfọ̀n mu omi nínú odò kan náà rí, òun ló sì kọ́kọ́ yẹra fún mi. Ìwọ Olúgbódi, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, má tíì rẹ́rìn-ín. Ìwọ tó jẹ́ pé bí ewúrẹ́ bá wúkọ́ lẹ́yìn ilé, abẹ́ ibùsùn ni ìyàwó rẹ ti ń fà ọ́ jáde. Ó dáa, rẹ́rìn-ín nísinsìnyí. Ìtàn ojú ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ, bàbá rẹ sì wà nínú rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Mopélọ́lá ìyàwó mi bí fún mi. Ìbíyẹmí lorúkọ ọmọ náà. Iṣẹ́ epo pupa ni Mopélọ́lá ń ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bó ti ń ré epo lójú ìkòkò, ààrò ya, ìkòkò dojú dé, epo gbígbóná sì bò ó láti àyà dé ẹsẹ̀. Oko ni mo ti gbọ́ igbe rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e, awọ apá rẹ̀ tẹ̀lé ọwọ́ mi. Kò kú lọ́jọ́ náà. Ì bá sàn fún un ká ní ó kú lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a sin ín tán, ìyá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa dúró sí orí ibojì. Ìyá Mopélọ́lá ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ mọ àṣà wa: ohun tó bá pa ènìyàn nínú ìdílé, ìdílé á fi ṣe èèwọ̀. Ó ní epo kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹnikẹ́ni nínú ilé wa mọ́. Kì í ṣe epo pupa nìkan. Ó ka àdí mọ́ ọn, ó ka òrí, òróró ẹ̀pà, ọ̀rá ẹran, inú ẹran, ẹyin, ohunkóhun tó bá ti lè mú ètè dán. Ó ní ẹni tó bá rú èèwọ̀ náà, a kò ní sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ òun. Mo ti fi àyè kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi fún ara mi. Mo búra. Ìyá Mopélọ́lá wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní òun kò tún rí ohun tí òun fẹ́ fi oòrùn ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń jẹ iṣu sísè pẹ̀lú iyọ̀. Mo ń pa ẹran, mo ń tà á. Ìbíyẹmí ń jẹ ẹ̀fọ́ tí a fi omi, iyọ̀ àti ata sè, abọ́ kún dẹ́nu. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ebi ń pa ọmọ náà.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ọmọ mi á máa fi ọwọ́ wá ògiri. Lójú ọ̀sán, ó ń sáré bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, afọ́jú ni. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ di eré. Wọ́n á gbé àpótí sí ojú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á pè é, òun náà á sì máa sáré lọ bá wọn, nítorí ó fẹ́ràn kí wọ́n pe òun ṣeré. Eyín iwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ lórí àpótí náà. Lẹ́yìn èyí, ojú rẹ̀ gbẹ. Kò lómijé mọ́ bó bá ń sunkún. Nǹkan funfun bí ìfófòó ọṣẹ yọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú rẹ̀, awọ ara rẹ̀ sì rí hóróhóró bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn obìnrin tó mọ egbò igi fọ ojú náà títí, kò gbọ́.

Ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ mi Ikúforíjìn, bàbá Olúgbódi yìí, wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n ti ń wa ilẹ̀ dè é kó tó lajú padà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ó gbà á gbọ́ pé ikú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kan òun mọ́. Ó ní bàbá bàbá òun sọ fún òun pé ẹranko kan wà lẹ́yìn Odò Àìtànkálẹ̀, Akójọmátà lorúkọ rẹ̀. Gbogbo ẹranko tó ń jẹ ẹran ló ń pa jẹ. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń la ojú. Mo ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò tíì lọ mú un wá. Ó wò mí bí ẹni ń wo òmùgọ̀, ó ní, "Ṣé èmi ti lọ ni?"

Ojúọlápé ìyàwó rẹ̀ dín àkàrà sínú ewé fún wa. Èmi kò fọwọ́ kan ewé náà nítorí ìbúra mi. Ikúforíjìn so ó mọ́ ìdí.

A wọ Igbó Oòrùn-kò-débẹ̀. Ìrókò tó wà níbẹ̀ ń sọ̀rọ̀, àwọn iwin inú rẹ̀ sì ń ju òkúta lù wá bí ọmọ tó ń lé ẹyẹ ní oko ìrẹsì. Mo lù wọ́n. Èmi kò ní pẹ́ lórí ìyẹn, nítorí iwin kò tó ohun tí mo lè fi yangàn. Àwọn ènìyàn tí a bá níwájú ló burú.

Wọ́n ń gbé ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́-Ewé. Wọ́n ti rán ewé pọ̀ mọ́ ewé sórí gbogbo ìlú títí kò fi sí ihò tí oòrùn lè gbà yọjú. Wọ́n ní ẹrú ni oòrùn wà fún. Ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ bí ọrun tí a fa okùn rẹ̀, àyà wọn yọ ṣóńṣó bí ti adìẹ, ọmọ wọn kì í rìn títí eyín á fi kún ẹnu rẹ̀. Ọba wọn gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ wa, àánú wa ṣe é. Ó béèrè bóyá àìsàn ló mú kí ẹsẹ̀ wa gún bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n fi okùn di ẹsẹ̀ wa mọ́ igi títẹ̀, kí wọ́n máa fún un díẹ̀díẹ̀ títí egungun yóò fi gbà, kí ojú má baà tì wá láàrin àwọn ènìyàn òun.

Mo rántí okùn náà. Èèpo igi ni wọ́n fi hun ún, ó tutù, ó sì ní kókó kan tó wà ní ọ̀kánkán kókósẹ̀ mi òsì. Kókó yẹn ló ya ẹran ara mi.

Obìnrin kan ń rọbí nínú ilé tó kángun sí wa. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti rọ̀ láti kékeré, ó ti wọ inú ara rẹ̀, ọ̀nà tí ọmọ ì bá gbà jáde kò ju ibi tí ọsàn lè gbà lọ. Àwọn agbẹ̀bí ń kọrin fún un. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi dàbí ti ológbò, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Àwọn agbẹ̀bí kọ orin náà parí kí wọ́n tó jáde.

Wọn kò mọ ohun tí ìbọn jẹ́, wọ́n fi ìbọn wa méjèèjì kọ́ aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ wa. Ikúforíjìn fi eyín já okùn ọwọ́ rẹ̀, ó mú tirẹ̀, ó sì yìn ín sókè. Òrùlé ewé lu. Oòrùn já bọ́ sáàrin ọjà bí òpó. Gbogbo wọn fi aṣọ bojú, wọ́n ń sá. A já okùn ẹsẹ̀ wa, mo gbé ìbọn tèmi. Obìnrin kan ṣoṣo ló sáré wọ inú ìmọ́lẹ̀ náà, ó gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sókè sí i. Ọmọ náà na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Mo wẹ̀yìn bí a ti ń sá lọ. Wọ́n ti fi irun fa obìnrin náà kúrò níbẹ̀, wọ́n sì ti ń rán òrùlé.

Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ mi kò dá. Ẹ̀jẹ̀ kò dì. Èmi tí ẹkùn ti fa lẹ́yìn ya rí, tí mo sì jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà, ọgbẹ́ okùn lásán ló ń gbẹ mí. Ibi tí mo bá tẹ̀, ewé ibẹ̀ á di pupa. Ikúforíjìn ní kí n máa fi ṣe àmì ọ̀nà tí a ó gbà padà.

Báyìí ni a ṣe dé Odò Àìtànkálẹ̀. Ní etí odò náà, ẹ̀fọ́ tútù wà ní òkìtì òkìtì, ó ń jẹrà. Àwọn mẹ́rin kan jókòó lórí rẹ̀, wọ́n rù bí igi. Ọ̀kan gbé àtùpà tó fẹ́ kú dání. Ọ̀kan di ohun èlò bíríkìlà mọ́ra. Ọ̀kan ní abẹ́rẹ́ àti òwú. Ẹ̀kẹrin kò mú nǹkan kan lọ́wọ́, gbogbo ara rẹ̀ ló kún fún àpá iná. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ki ẹsẹ̀ bọ odò, omi á tì í padà sí èbúté.

Arúgbó obìnrin kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́, kò ní ọkọ̀. Ó ní bí a bá fẹ́ kọjá, ká dá òun lóhùn. Ó ní, "Àwọn àlejò kan wà. Bí wọn kò bá wá, ilé á ṣókùnkùn. Bí wọ́n bá wá níwọ̀n, ilé á gún. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ilé á wó, nítorí wọn kì í lọ. Àwọn wo ni?"

Ikúforíjìn ní, "Àwọn àna mi ni."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ tún tú lẹ́sẹ̀ mi. Arúgbó náà kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí àwọn mẹ́rin náà. Ó ní àwọn ni. Ó ní elátùpà ló ń tan iná sí ẹ̀yìn ojú nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, òun náà ló ń mú kí ojú tutù. Bíríkìlà ló ń mọ egungun, oòrùn ló sì máa ń pè é wá sí ara èèyàn jù. Aránṣọ ló ń sọ fún ẹ̀jẹ̀ pé ó tó. Alápàá iná yẹn, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ju ara rẹ̀ sáàrin nígbà tí iná kékeré bá ń ta sí ara ènìyàn láti inú wá, kò sì sí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bi í léèrè ìdí tí wọ́n fi jókòó síbẹ̀.

"Omi kò mọ̀ wọ́n. Epo nìkan ni ọkọ̀ wọn."

Mo ní ta ló ni ẹ̀fọ́ tí wọ́n jókòó lé.

"Ọmọ rẹ ni. Gbogbo abọ́ tó jẹ láti ìgbà tí ẹ ti búra nìyẹn. Inú ẹ̀fọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jáde wá, wọ́n á dé etí odò, wọn kò ní rí ọkọ̀. Ọmọ náà ti jẹun. Kò kàn sí ohun tó wọ ara rẹ̀ nínú wọn."

Ìdí òkìtì kan ni mo jókòó sí. Mo rí ewé tẹ̀tẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi já, mo mọ̀ ọ́n nípa bí mo ṣe máa ń ká a láti ọrùn. Mo rántí bí mo ṣe máa ń sọ fún ọmọ náà pé kó jẹ ẹ́ tán.

Ikúforíjìn tú ewé àkàrà ìyàwó rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fún epo inú rẹ̀ jáde. Epo tó kán sílẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lórí omi, ó fẹ̀, ó di ọkọ̀ pupa kan tó ń dán. Gbogbo wa wọ inú rẹ̀. Bí a ti dé àárín odò ni aránṣọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gán ẹsẹ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Epo àkàrà Ojúọlápé ló gba ẹ̀mí mi là. Olúgbódi, ìyá rẹ nìyẹn. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Kí a tó sọ̀ kalẹ̀, arúgbó náà kìlọ̀ fún wa. Ó ní ohun tó bá bá omi wọ ara, púpọ̀ nínú rẹ̀ á bá ìtọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n àwọn èrò inú ọkọ̀ epo kì í tètè mọ ọ̀nà ìta. Inú ẹ̀dọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn sí. Akójọmátà ti jẹ gbogbo ẹranko, àwọn ẹranko náà ti jẹ àwọn mìíràn, gbogbo elátùpà tó wà lára wọn ló ti kó sínú ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo. "Ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò ni kí ẹ fún ọmọ náà. Ẹni tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ wa ilẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀."

A rí Akójọmátà ní ibi tó ti ń jẹ kìnnìún. Èmi ni mo kọ́kọ́ yìnbọn, ó sì bínú sí mi. Ó fi èékánná fa ìgbànú mi já, ó sì fa ìhà mi ya. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó wá wo egungun ìhà mi yìí. Ìbọn Ikúforíjìn ló wọlé sí i lọ́kàn.

Ẹ sì mọ òfin àwa ọdẹ ní àdúgbò wa: ẹni tí ọta rẹ̀ bá pa ẹran ló ni ẹ̀dọ̀. Kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Ikúforíjìn gbé ẹ̀dọ̀ náà jáde, ó tóbi bí ìrọ̀rí. Ó gé díẹ̀ fún mi, ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò, ó ní ti Ìbíyẹmí nìyẹn. Ó kó ìyókù sórí iná. Mo rán an létí ohun tí arúgbó sọ. Ó ní ìlara ni. Ó ní bí kékeré bá lè la ojú ọmọ, odindi yóò jẹ́ kí òun máa rí ẹran tó wà lẹ́yìn òkè. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fi ìgúnpá gbá mi lẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ikú ti dárí jì mí. Jẹ́ kí n jẹun."

Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́.

Orí ló kọ́kọ́ mú un. Ó ní ẹnìkan wà nínú orí òun, ó ń fi àáké la ọ̀nà jáde. Ó bì títí omi aláwọ̀ ewé fi jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ń rí mi ní méjì, ó sì ń bi mí pé èwo ni ọ̀rẹ́ òun nínú wa. Mo pọn omi fún un, mo pọn ọ́n, mo pọn ọ́n. Omi náà wọlé, ó sì jáde, kò mú nǹkan kan dání. Ètè rẹ̀ là. Lẹ́yìn náà ni awọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó, láti ojú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí aṣọ tí a ń bọ́ lára ọmọdé. Nígbà tí mo gbé e kọ́ èjìká, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀lé ọwọ́ mi. Mo ti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí. Mo mọ bó ṣe ń yọ̀.

Ìdí igi ọ̀mọ̀ kan ni ó ti ní kí n sọ òun kalẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó di aṣọ mi mú.

"Ọdẹ́rìndé, ẹranko ló pa mí. Ṣé o gbọ́? Bí o bá sọ fún ìyàwó mi pé ẹ̀dọ̀ ni, wọn yóò fi ṣe èèwọ̀ fún àwọn ọmọ mi."

Mo ní mo gbọ́. Ó kú. Mo fi ọwọ́ wa ilẹ̀ náà, nítorí ọkọ́ kò sí.

Nígbà tí mo délé, ojú ọ̀tún Ìbíyẹmí ti bẹ́. Ó funfun bí ẹyin tí a bó. Ó gbọ́ ohùn mi, ó rìn wá, ó sì fi orí gbá òpó. Mo dá iná. Mo bu epo pupa láti ilé aládùúgbò, mo fi se ẹ̀fọ́, mo sì rún ẹ̀dọ̀ náà sí i.

Òórùn epo ló mú Ìyá Mopélọ́lá jáde láti inú yàrá tó sé ara rẹ̀ mọ́. Ìdí ló fi ń wọ́ bọ̀, egungun rẹ̀ kò gbé e mọ́.

Ó ní, "Ohun tó pa ìyá lo fẹ́ fi bọ́ ọmọ?"

"Ìyá, ààrò tó ya ló pa á."

"Lọ wa ilẹ̀ tìrẹ síbòmíràn."

Mo gbé ṣíbí lé ọmọ mi lẹ́nu. Ètè rẹ̀ dán. Mo bẹ ìyá náà pé kó jẹun, kó jókòó sí ìta díẹ̀ láàárọ̀. Ó tutọ́ sí ẹsẹ̀ mi. Inú òkùnkùn yẹn ló kú sí. Nígbà tí a ń yí i padà lórí ẹní, egungun itan rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ. Àwọn ẹbí sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀, nínú àyè tí mo fi sílẹ̀ fún ara mi.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, nígbà tí Ìbíyẹmí ti ń jẹ ẹ̀fọ́ elépo fún ìgbà díẹ̀, èmi àti òun jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Oòrùn ti wọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ti gbé àpótí wọn dé. Ìbíyẹmí dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ àpótí náà kọjá láìfọwọ́ kàn án, ó dúró, ó fi ojú òsì wo ọ̀nà.

"Bàbá, obìnrin kan ń bọ̀. Ó gbé ewé àkàrà dání. Ó ń rẹ́rìn-ín."

Ojúọlápé ni. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ló ti ń bọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé mo ti dé.

Ó bi mí léèrè ohun tó pa ọkọ rẹ̀, mo sì ní ẹranko ni. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí òun náà fi kú nínú ọdún yìí. Olúgbódi, mo rí i pé o kò rẹ́rìn-ín mọ́. O jẹ ẹ̀dọ̀ dàgbà, ẹyọ kékeré nínú ọbẹ̀, ojú rẹ sì mọ́ kedere. Ìwọ náà ti di bàbá ọmọ. Mo ti sọ tèmi, ẹ lè gbé àpótí yín. Ohun tí ìwọ yóò sọ fún àwọn ọmọ rẹ nílé ló kù.